ÌSÉDE ÀTI KÓNÍLÉ-Ó-GBÉLÉ: BÍ ARÁ ÌLÚ ṢE TÚMỌ̀ ÒFIN ÀJÀKÁLẸ̀ ÀRÙN NÍ ILẸ̀ YORÙBÁ

Ìfáárà

Yorùbá gbà pé ìlú tí kò bá sí òfin, ẹ̀ṣẹ̀ kò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n òfin tí ará ìlú kò mọ ìdí rẹ̀, tí wọn kò sì mọ ìgbà tí yóò dópin, kì í pẹ́ kó tó di ohun tí kálukú ń túmọ̀ bó ti wù ú. Irú òfin bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ènìyàn bá pàdé lọ́dún 2020, nígbà tí àrùn Kòrónà wọ Nàìjíríà. Iṣẹ́ yìí ṣe àgbéyẹ̀wò bí àwọn ará ìlú ní ilẹ̀ Yorùbá ṣe gba òfin náà àti ibi tí òfin fúnra rẹ̀ ti ṣẹ̀ wá. Èrò tí iṣẹ́ yìí gbé kalẹ̀ ni pé kì í ṣe agídí tàbí àìmọ̀kan nìkan ló ń mú kí ènìyàn rú òfin àjàkálẹ̀ àrùn. Ohun mẹ́ta ni ará ìlú máa ń béèrè kí wọ́n tó jókòó sílé: kí ni ìdí òfin, ọjọ́ wo ni yóò parí, kí sì ni àwọn yóò jẹ títí di ọjọ́ náà?

Ìséde nínú Àṣà

Fífi òfin de ìrìn ènìyàn kì í ṣe àjèjì láàárín Yorùbá. Ìséde ni wọ́n ń pè é. Ní àkókò ọdún Orò ní àwọn ìlú bí Ìkòròdú àti Ṣágámù, wọ́n máa ń kéde ọjọ́ àti wákàtí ìséde ṣáájú. Àwọn obìnrin, tí òfin náà dè jù lọ, á ti pọn omi, wọ́n á sì ti ra ohun tí ilé yóò jẹ. Nígbà tí Orò bá wọlé, olúkúlùkù á tún padà sẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Bákan náà ni ọ̀rọ̀ rí nígbà tí ìgbóná bá jà. Àwọn ẹbí kì í sin òkú ẹni tí àrùn náà pa fúnra wọn; àwọn àwòrò Ṣọ̀pọ̀ná ló ń sin ín.

Èyí kò túmọ̀ sí pé gbogbo ènìyàn ló fẹ́ràn ìséde. Lóde òní, àríyànjiyàn a máa wáyé lórí rẹ̀ láàárín àwọn onísẹ̀ṣe àti àwọn ẹlẹ́sìn mìíràn, ọ̀rọ̀ náà a sì máa dé ilé ẹjọ́. Síbẹ̀, ẹni tó bá tẹ̀ lé ìséde àti ẹni tó bá lòdì sí i ló mọ ẹni tó pa àṣẹ, ẹni tí àṣẹ dè, àti ìgbà tí àṣẹ yóò ká.

Òfin Òyìnbó: 1918 sí 1926

Ní oṣù Ọ̀wẹwẹ̀ ọdún 1918, àrùn ìfúlúẹ́ńsà bá ọkọ̀ ojú omi wọ Èkó. Láti Èkó ló gba ọ̀nà ojú irin àti ojú omi wọ inú ilẹ̀ lọ. Ìjọba amúnisìn ti ilé ẹ̀kọ́ àti ilé ìjọsìn pa, wọ́n sì rán àwọn òṣìṣẹ́ ìlera láti ilé dé ilé láti wá àwọn aláìsàn. Àwọn ará ìlú kò mọ ibi tí wọ́n ń kó àwọn ènìyàn wọn lọ. Nítorí náà, ọ̀pọ̀ sá kúrò ní Èkó lọ sí ìlú àti abúlé wọn, wọ́n sì gbé àrùn náà dé ibi tí kò tíì dé.

Ní Ìjẹ̀bú-Òde, ìtumọ̀ mìíràn ni àwọn kan fún ọ̀rọ̀ náà. Àwọn ọmọ ìjọ Áńgílíkà ti St Saviour's, tí Joseph Shadare jẹ́ aṣáájú wọn, kó ara wọn jọ fún àdúrà lásìkò tí ìjọba ti ilé ìjọsìn. Olùkọ́ kan, Sophia Odunlami, dara pọ̀ mọ́ wọn. Ó ń wàásù pé àdúrà àti omi òjò ni yóò wo aláìsàn sàn. Láti inú ẹgbẹ́ àdúrà yìí ni ọ̀kan nínú àwọn gbòǹgbò ìjọ Aládùúrà ti hù. Ìlẹ̀kùn tí ìjọba tì láìṣàlàyé tó yéni wà lára ohun tó mú kí àwọn ènìyàn wá ìdáhùn fúnra wọn.

Lọ́dún 1924, àjàkálẹ̀ àrùn tí eku ń gbé kiri bẹ̀rẹ̀ ní Èkó. Ọdún méjì lẹ́yìn náà, ní 1926, ìjọba ṣe òfin ìyàsọ́tọ̀ àwọn aláìsàn. Onígbáméjì, àrùn eku, ibà pọ́njú, ìgbóná àti táífọ́ọ̀sì ni òfin náà dárúkọ. Ó sì fún olórí ìjọba lágbára láti fi àrùn mìíràn kún un. Lọ́dún 1928, wọ́n dá àjọ tó ń tún Èkó ṣe sílẹ̀, àjọ náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í wó àwọn ilé tí wọ́n kà sí ibùgbé àrùn. Òfin ọdún 1926 yìí kò kú. Ó wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà títí di ọdún 2020, owó ìtanràn tó wà nínú rẹ̀ kò sì ju 200 náírà lọ.

Òfin Kan, Ìpínlẹ̀ Ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀

Ní 27 oṣù Èrèlè ọdún 2020, àyẹ̀wò fi hàn pé ọkùnrin ará Ítálì kan tó gba Èkó dé Ìpínlẹ̀ Ògùn ní àrùn Kòrónà. Ní 27 oṣù Ẹrẹ́nà, Gómìnà Babajide Sanwo-Olu fọwọ́ sí òfin ìdènà àrùn fún Ìpínlẹ̀ Èkó. Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, Ààrẹ Muhammadu Buhari kéde pé kí onílé gbélé fún ọjọ́ 14 ní Èkó, Ògùn àti Àbújá, bẹ̀rẹ̀ láti aago 11 alẹ́ ọjọ́ 30 oṣù náà. Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká béèrè bóyá Ààrẹ ní agbára bẹ́ẹ̀ lábẹ́ òfin. Igbákejì Ààrẹ, Yẹmí Ọ̀ṣínbàjò, tí òun náà jẹ́ ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ìmọ̀ òfin, tọ́ka sí òfin ọdún 1926 láti dáhùn. Ará ọjà kò sí nínú àríyànjiyàn yìí, ṣùgbọ́n òun ni àbájáde rẹ̀ dé bá.

Gómìnà Dàpọ̀ Abíọ́dún ti Ògùn bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n sún tirẹ̀ síwájú, kí àwọn ènìyàn lè ra oúnjẹ pamọ́. Nítorí náà, alẹ́ ọjọ́ 3 oṣù Igbe ni ti Ògùn bẹ̀rẹ̀. Ìyẹn ni pé fún ọjọ́ mẹ́rin, ẹni tó ń gbé ní Ọjọ́dú lápá ti Èkó wà lábẹ́ òfin, aládùúgbò rẹ̀ ní Alágbọlé tàbí Akútè lápá ti Ògùn sì ń ná ọjà. Àwọn tó ń gbé ní Mówè tàbí Ìbàfò, tí iṣẹ́ wọn wà ní Èkó, bọ́ sáàárín òfin méjì.

Ní Ọ̀yọ́, Gómìnà Ṣèyí Mákindé kò ti ìpínlẹ̀ pa pátápátá. Òfin má-rìn-lóru láti aago 7 alẹ́ sí 6 òwúrọ̀ ló ṣe. Ọ̀ṣun àti Èkìtì ṣe òfin tiwọn ní ìparí oṣù Ẹrẹ́nà. Ní Èjìgbò ní Ọ̀ṣun, ènìyàn 127 tó ti Côte d'Ivoire dé ni ìjọba yà sọ́tọ̀, àyẹ̀wò sì fi hàn pé àwọn kan nínú wọn ní àrùn náà. Fún ìlú tó ti pẹ́ tí àwọn ọmọ rẹ̀ ti ń ṣòwò ní Abidjan, ọmọ ẹni ló di ẹni tí wọ́n ní kí a má sún mọ́.

Ìtumọ̀ tí Ará Ìlú Fún Òfin

Ọ̀rọ̀ ni ibi àkọ́kọ́ tí ìtumọ̀ ti bẹ̀rẹ̀. "Kónílé-ó-gbélé" yé tọmọdé tàgbà, nítorí pé èdè ìlú ni. Ṣùgbọ́n "ẹ jìnnà síra yín" ni ọ̀rọ̀ kejì. Láàárín ẹni tó ń kí ara wọn pẹ̀lú ìkúnlẹ̀ àti ìdọ̀bálẹ̀, tí ẹbí ń jẹun nínú àwo kan, ìjìnnà síra ẹni a máa jọ ìjà tàbí ìkórìíra.

Èkejì ni oúnjẹ. Òfin yọ àwọn dókítà, àwọn tó ń ta oúnjẹ, epo bẹntiróò àti iná mànàmáná sílẹ̀. Àmọ́ báńdélé, awakọ̀ àti aláàárù, tí owó òòjọ́ ni wọ́n fi ń jẹun, kò sí lára wọn. Ìjọba Èkó ṣèlérí oúnjẹ fún agbo ilé 200,000 ní ìpele kìn-ín-ní, ṣùgbọ́n ìlú tó ní ènìyàn mílíọ̀nù lọ́nà púpọ̀ ni Èkó. Bí ebi bá wọnú, ọ̀rọ̀ mìíràn kì í wọ̀ ọ́ mọ́.

Ẹ̀kẹta ni gbèdéke. Ọjọ́ 14 ni wọ́n kọ́kọ́ dá. Ní 13 oṣù Igbe, wọ́n fi ọjọ́ 14 mìíràn lé e. Láàárín àkókò yìí, ìbẹ̀rù olè gba àwọn àdúgbò kan ní ààlà Èkó àti Ògùn kan, àwọn ọkùnrin sì ń fi táyà dáná ṣọ́ òru. Nítorí náà, àwọn tí òfin ní kí wọ́n wà nínú ilé di ẹni tó ń sùn síta. Nígbà tí òfin dẹjú ní 4 oṣù Èbìbí, ìrìnàjò láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀ ṣì jẹ́ èèwọ̀ títí di ọjọ́ 1 oṣù Agẹmọ. Ọkọ̀ tó gbé oúnjẹ lè kọjá; àwọn kan sì wọ àárín ẹrù kí wọ́n lè bá a kọjá.

Èyí tó burú jù ni ọwọ́ líle. Ní àárín oṣù Igbe, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn kéde pé àwọn agbófinró ti pa ènìyàn 18 káàkiri orílẹ̀-èdè níbi tí wọ́n ti ń mú òfin náà ṣẹ. Nígbà náà, iye tí àrùn fúnra rẹ̀ pa ní Nàìjíríà kò tíì tó bẹ́ẹ̀.

Àgbálọgbábọ̀

Ó hàn nínú àgbéyẹ̀wò yìí pé ọ̀rọ̀ ọdún 1918 àti ti 2020 jọ ara wọn. Nígbà méjèèjì, àwọn ènìyàn kò kọ ààbò. Àlàyé ni wọ́n ń wá. Ìséde àtijọ́ kò lè wo àrùn, àmọ́ ẹ̀kọ́ kan wà nínú rẹ̀: ìkéde ní í ṣáájú ìtìlẹ̀kùn, ìpèsè sì ní í ṣáájú ìgbélé. Ojúṣe olùkọ́ ṣe pàtàkì níhìn-ín. Nígbà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tó fẹ́ ṣe ìdánwò àṣejáde padà sí kíláàsì ní 4 oṣù Ògún ọdún 2020, olùkọ́ ló dúró síwájú wọn láti ṣàlàyé ìbòmú, ọwọ́ fífọ̀ àti àlàfo ìjókòó. Olùkọ́ tó bá lè sọ ìdí òfin ní èdè tí ọmọ ń sọ nílé ti rán àlàyé náà dé ọ̀dọ̀ òbí. Bí àjàkálẹ̀ àrùn mìíràn bá dé, irú àlàyé bẹ́ẹ̀ ni yóò jẹ́ kí onílé gbélé láìsí pàṣán.