Ọ́ìlì Ló Ń Gbé Òkúta Ìkẹ̀rẹ́

Ilẹ̀kùn kan wà ní British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́ fún ààfin Ògògà, ọba Ìkẹ̀rẹ́, ní nǹkan bí 1910 sí 1914. Wọ́n gbé e lọ síbi àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley ní 1924. Ògògà gba ìtẹ́ kan dípò rẹ̀, ilẹ̀kùn kò sì padà wálé mọ́. Ẹni tó mọ iṣẹ́ ọnà á wo ọba lórí ìtẹ́, á wo Ambrose, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, tí wọ́n gbé wọ̀lú. Jáàkì típà ni èmi ń tún ṣe, àwọn tó ru ẹrù ni ojú mi máa ń lọ bá nínú fọ́tò ilẹ̀kùn náà. Bí ẹrù ṣe ń wọ Ìkẹ̀rẹ́ láyé ìgbà yẹn nìyẹn. Òyìnbó pàápàá, ènìyàn ló rù ú dé.

Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo ní 1907, kò yà sọ́dọ̀ àwa ará Èkìtì. Lọ́rí ló sọ ẹrù wa kalẹ̀. Kòkó Ìsẹ̀ àti Ẹmùrẹ́ kò yọ ọ́ lẹ́nu: alágbára kan á gbé àpò kan sẹ́yìn, ó tán. Gẹdú tó ń jáde láti igbó ẹ̀bá odò Ògbẹ̀sẹ̀, wọ́n á yí i, á bọ́ sílẹ̀. Òkúta ni kò gba ìyẹn.

Òkúta sì ni Ìkẹ̀rẹ́ ní. Olósùnta àti Òrólè ni àlejò kọ́kọ́ ń rí, ṣùgbọ́n àpáta mìíràn wà káàkiri. Òmíràn dúdú kirikiri, èyí tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ń pè ní charnockite. Kí ẹ̀rọ afọ́kùúta tó dé, iná ni wọ́n ń dá sórí àpáta. Igi ni wọ́n kọ́kọ́ fi ń dá a, nígbà tó yá, táyà àlòkù. Bí àpáta bá gbóná dójú ẹ̀, á sán. Ọkùnrin á fi òòlù ńlá là á, obìnrin á jókòó ti òkìtì, á máa fi òòlù kékeré fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Iṣẹ́ yìí kò tíì kásẹ̀ nílẹ̀ títí dòní. Páànù ni wọ́n fi ń rù ú sínú lọ́rí. Tó bá dé ibi tí wọ́n ti ń kọ́lé, lébìrà á gun ẹ̀yìn ọkọ̀, á fi ṣọ́bìrì já a títí ẹ̀yìn á fi fẹ́ kán.

Típà ló gba ṣọ́bìrì lọ́wọ́ lébìrà. Nígbà tí owó epo rọ̀bì ya wọ ìlú láàárín 1970 sí 1980, títì àti ilé ń yọ lójoojúmọ́, Mercedes 911 sì gba gbogbo ọ̀nà. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, ilé iṣẹ́ ANAMMCO ní Enugu bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ Mercedes ní Nàìjíríà níbí. Ọ̀nà Àkúrẹ́ sí Ìkẹ̀rẹ́ sí Adó kún fún òkúta tó ń lọ, tó ń bọ̀. Awakọ̀ á fa irin kan, àpótí ẹ̀yìn ọkọ̀ á dìde fúnra rẹ̀, òkúta á dà sílẹ̀ wààà.

Agbára yẹn kì í ṣe ti irin. Jíà ọkọ̀ ló ń yí pọ́ǹpù, pọ́ǹpù á ti ọ́ìlì sínú jáàkì, ọ́ìlì á ti jáàkì jáde. Ará Faransé kan, Blaise Pascal, ló ṣàlàyé ọ̀rọ̀ náà nínú ìwé tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1663, lẹ́yìn ikú rẹ̀: bí a bá tẹ omi tí a sé mọ́ inú nǹkan, ìtẹ̀ náà á dé ibi gbogbo nínú rẹ̀ lọ́gbọọgba. Nítorí náà, agbára kékeré lórí ojú kékeré á di agbára ńlá lórí ojú ńlá. Ní 1795, Joseph Bramah gba ìwé àṣẹ ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fún ẹ̀rọ ìtẹ̀ tó fi ọgbọ́n yìí ṣe. Ọmọ ẹ̀rọ yẹn ni gbogbo jáàkì tó wà ní Ìkẹ̀rẹ́.

Mẹkáníìkì lọ́rí ni ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́. Nígbà tí owó wà, bí jáàkì bá bàjẹ́, olówó ọkọ̀ á ra tuntun, mẹkáníìkì á dè é mọ́ ọn. Ní 1986 ni ìjọba Babangida gbé ètò ọrọ̀ ajé tí wọ́n ń pè ní SAP dé. Náírà já wálẹ̀, jáàkì tuntun di nǹkan tí a kàn ń fojú wò, tòkúnbọ̀ sì gbòde. Ìgbà yẹn ni ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀ sí í tú ohun tí ó máa ń jù nù tẹ́lẹ̀, tó ń wo inú rẹ̀. Àìrówó ló bí iṣẹ́ wa. Ohun tí ó rí nínú àwọn jáàkì wọ̀nyẹn ni ó fi kọ́ wa: eruku òkúta. Eruku yìí á lẹ̀ mọ́ ara jáàkì nígbà tó bá jáde, á bá a wọlé nígbà tó bá ń sọ̀ kalẹ̀, á gé rọ́bà, á wọ inú ọ́ìlì. Kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà.

N kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ jáàkì dé orí omi títí ará Ìgbókọ̀dá kan fi gbé jáàkì ẹ̀ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi gba Òkìtìpupa, Ọ̀rẹ̀ àti Oǹdó wá bá mi, nítorí pé àbúrò rẹ̀ ń wa típà níbí. Nígbà tí Ole Evinrude ṣe ẹ̀ńjìnnì tí wọ́n ń fi kọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀ ní Amẹ́ríkà ní 1909, ọwọ́ lásán ni wọ́n fi ń gbé e kúrò nínú omi. Ṣùgbọ́n ẹ̀ńjìnnì alágbára ẹṣin 115 lé ní 130 kg. Ní Ìlàjẹ tiwọn lọ́hùn-ún, níbi tí omi kò ti jìn tí koríko sì ń wé mọ́ abẹ̀bẹ̀, ta ni yóò máa fọwọ́ gbé ìyẹn? Mọ́tò kékeré tó ń jẹ iná bátìrì ló ń yí pọ́ǹpù ọ́ìlì jáàkì rẹ̀. Jáàkì yìí ń gbé ẹ̀ńjìnnì jáde nínú omi, ó sì ń tẹ̀ ẹ́ díẹ̀díẹ̀ lórí eré kí imú ọkọ̀ lè dúró bó ṣe yẹ.

“Bàbá, ó ń gbé e o,” ó ní, “ṣùgbọ́n kí n tó so okùn tán, ó ti sọ̀ kalẹ̀.”

Gbólóhùn yẹn ti ṣe ìdajì iṣẹ́. Bí mọ́tò kò bá dún rárá, tàbí tó kàn ń ta kọ́, ẹ má fọwọ́ kan ọ́ìlì: ẹ lọ wo bátìrì, orí wáyà àti rìlé, torí iyọ̀ òkun máa ń jẹ wọ́n. Bó bá ń dún tí kò gbé, ẹ wò ó bóyá ọ́ìlì lọ sílẹ̀, bóyá atẹ́gùn wọ̀ ọ́, tàbí bóyá ẹnì kan tú ìdè tí wọ́n fi ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀ lọ́wọ́ tí kò dì í padà. Bó bá gbé tí kò dúró, ọ́ìlì ń rí ọ̀nà padà. Mo tú u. Ọ́ìlì tó yẹ kó pupa ti funfun, omi ti wọ̀ ọ́. Iyọ̀ ti gbẹ́ ihò wínníwínní sára ọ̀pá jáàkì, ihò ti ya rọ́bà, ìpatà sì jókòó sábẹ́ fáàfù tí kò jẹ́ kó pa dé. Rọ́bà tuntun nìkan kò lè wò ó sàn, ọ̀pá yẹn á tún gé e. A wá ọ̀pá mìíràn, a fọ gbogbo inú rẹ̀, a pa rọ́bà dà. Mo ní kó gbé ẹ̀ńjìnnì sókè pátápátá kó tó rọ ọ́ìlì kún ojú ihò, kó sì máa gbé e sókè sódò títí atẹ́gùn á fi tán.

Wọ́n ti dáwọ́ ẹ̀ńjìnnì Evinrude dúró láti 2020. Típà ilẹ̀ Ṣáínà sì ti ń lé 911 kúrò lójú títì. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi gbà pé ogbó ló ń pa ẹ̀rọ, wọ́n á sì ní kí oníbàárà lọ ra òmíràn. N kò gbà. Mo ti rí jáàkì 911 tó dàgbà ju ẹni tó ń wà á lọ, tó ṣì ń gbé òkúta, nítorí pé olówó rẹ̀ ń nu ara rẹ̀ kó tó sọ̀ ọ́ kalẹ̀, ó sì ń pa ọ́ìlì rẹ̀ dà. Òfin méjì ni mo ń fún ọmọ iṣẹ́ lọ́jọ́ tó bá kọ́kọ́ dé: má ṣe fi orí wọ abẹ́ àpótí tí o kò fi irin gbé ró, má sì ṣe dárúkọ àrùn jáàkì kí o tó rí àwọ̀ ọ́ìlì rẹ̀.