Ọ̀nà Ìṣirò Yàtọ̀ sí Ọ̀nà Tí Omi Gbà: Àyẹ̀wò Ìyípadà Ẹ́ńtálípì

Ìbéèrè kan wà tí kì í wọ́n nínú ìdánwò kẹ́mísírì. Gíráàmù yìnyín kan wà ní dígírì 10 sísàlẹ̀ òdo. Mélòó ni ooru tí yóò gbà kó tó di gáàsì ní dígírì 120? Akẹ́kọ̀ọ́ tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ á pín in sí ìpele márùn-ún. Á mú yìnyín dé òdo, joule 21. Á yọ́ ọ, joule 334. Á mú omi náà gòkè dé 100, joule 418. Á sọ ọ́ di gáàsì, joule 2,257. Á wá mú gáàsì dé 120, joule 38. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 3,068, máàkì rẹ̀ sì pé.

Ìdáhùn náà tọ̀nà. Ohun tí mo ń bá jà ni òye tí ọmọ ń mú kúrò níbẹ̀. Ó ń kúrò ní kíláàsì pẹ̀lú èrò pé ìtàn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí omi ni ìpele márààrún yẹn, pé omi gbọ́dọ̀ gba ojú ọ̀nà yìí kọjá, àti pé 2,257 ni iye tí omi ń gbà kó tó di gáàsì, níbikíbi tó bá ti di í. Àwọn èrò yìí kò tọ̀nà, àwọn gan-an ló sì ń fi agbára ìṣirò yìí pamọ́ fún un.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí nǹkan pọ̀ sí. Nínú joule 3,068 yẹn, 2,591 ló lọ sí yíyọ́ àti dídi gáàsì nìkan, ó lé ní ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún. Ní gbogbo àkókò tí ooru yìí ń wọlé, tẹ̀mọ́mítà kò mira. Báwo ni ènìyàn ṣe wá wọn ohun tí tẹ̀mọ́mítà kò lè fi hàn?

Joseph Black ṣe é ní Yunifásítì Glasgow ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1760, ọgbọ́n tó fi ṣe é sì yẹ ní ohun tí à ń kọ́ gbogbo akẹ́kọ̀ọ́. Ó gbé ìgò méjì tó rí bákan náà kọ́ sínú gbọ̀ngàn ńlá kan tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ wà ní dígírì 47 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit. Yìnyín tó wà ní 32 wà nínú ọ̀kan. Omi tútù tó wà ní 33, tí ìwọ̀n rẹ̀ dọ́gba pẹ̀lú ti yìnyín, wà nínú èkejì. Láàárín ààbọ̀ wákàtí, omi ti gòkè dé 40. Wákàtí 10 àti ààbọ̀ ni yìnyín lò kó tó yọ́ tán kó sì dé 40 kan náà, ìyẹn ìlọ́po 21. Black gbà pé bákan náà ni ooru ṣe ń wọ inú ìgò méjèèjì. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ooru tó wọ inú yìnyín tó èyí tó lè gbé omi gòkè ní dígírì 7 lọ́nà 21, tó jẹ́ 147. Ó yọ 8 kúrò fún omi yìnyín náà tó gòkè láti 32 dé 40. Èyí tó kù, 139, ni yíyọ́ gbà.

Bí a bá yí iye Black yìí sí dígírì Celsius, tí a sì fi joule 4.18 tí gíráàmù omi kan ń gbà fún ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣírò rẹ̀, ó jẹ́ joule 323. Iye tí a mọ̀ lónìí jẹ́ 334. Ìgò méjì, tẹ̀mọ́mítà àti sùúrù ló fi sún mọ́ ọn tó bẹ́ẹ̀. Ó fi omi tí ìgbóná rẹ̀ ń yí padà wọn yìnyín tí ìgbóná tirẹ̀ dúró sójú kan.

Ìdí tí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ fi dúró nílẹ̀ ni pé ẹ́ńtálípì, ìwọ̀n tí ìyípadà rẹ̀ jẹ́ ooru tí nǹkan gbà lábẹ́ ìtẹ̀ tí kò yí padà, kò ní ìtàn. Ipò tí nǹkan wà nísinsìnyí ló ń sọ iye ẹ́ńtálípì rẹ̀: ìgbóná rẹ̀, ìtẹ̀ tó wà lórí rẹ̀, bóyá ó dì tàbí ó ń ṣàn. Nítorí náà, bí ìbẹ̀rẹ̀ àti òpin bá ti dúró, ọ̀nà tó bá wu ẹni tó ń ṣírò ló lè gbà láàárín wọn, àní ọ̀nà tí omi kò tọ̀ rárá.

Mú omi tó ń gbẹ lára aṣọ tí a sá ní ọ̀sán, tí ìgbóná rẹ̀ wà ní dígírì 30. Omi yẹn kò dé 100 nígbà kankan. Síbẹ̀ a lè mú un gba 100 kọjá lórí ìwé: a gbé e gòkè ní dígírì 70, joule 293, a sọ ọ́ di gáàsì níbẹ̀, 2,257, a mú gáàsì náà tutù padà sí 30, a sì yọ 133, nítorí joule 1.9 péré ni gíráàmù gáàsì omi ń gbà fún dígírì kan. Ó jẹ́ 2,417. Iye tó wà nínú àtẹ ìwọ̀n jẹ́ 2,430. Ẹni tó bá kàn gbé 2,257 sílẹ̀ láìronú ti fi ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ṣìnà. Ẹni tó gba ọ̀nà tí omi kò gbà, àṣìṣe rẹ̀ kò tó ìdá kan.

Joule 13 tó kù yẹn wù mí púpọ̀, nítorí ó ń tọ́ka sí ìpele kan tí a fò. Ní 100, gáàsì wa wà lábẹ́ ìtẹ̀ afẹ́fẹ́ ayé, nǹkan bíi kilopascal 101. Ní 30, ìtẹ̀ gáàsì tó dọ́gba pẹ̀lú omi kò ju kilopascal 4.2 lọ. A ní láti jẹ́ kí gáàsì náà tẹ́ rẹrẹ kó tó dé ibẹ̀, àwọn mólékù rẹ̀ tó ń fa ara wọn díẹ̀ sì ń gba ooru kí wọ́n tó jìnnà síra wọn. Nǹkan bíi joule 12 ni ìpele yìí gbà. Àṣìṣe wa fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá síbẹ̀.

Ní 1858 ni Gustav Kirchhoff ti fi ìlànà yìí lélẹ̀: ìyàtọ̀ láàárín ooru tí ipò méjèèjì ń gbà fún dígírì kan ló ń darí bí ẹ́ńtálípì ìyípadà ṣe ń gòkè tàbí sọ̀ kalẹ̀. Omi ń gbà ju gáàsì rẹ̀ lọ, nítorí náà bí ìgbóná bá ṣe ń pọ̀ sí i ni iye dídi gáàsì ń dín kù, títí yóò fi di òdo ní dígírì 374. Ti yíyọ́ yàtọ̀, nítorí omi tún ń gbà ju yìnyín lọ: ní dígírì 10 sísàlẹ̀ òdo, níbi tí omi inú kùrukùru sábà máa ń wà láìdì, iye rẹ̀ kò ju 313 lọ.

Àmù inú ilé wa ni mo fẹ́ kí olùkọ́ fi dán kíláàsì wò, nítorí ó fi ibi tí ìṣirò yìí parí sí hàn. Bí kilogíráàmù omi kan bá gbẹ lára àmù tó gba 20, ó gba kilojoule 2,430. Ká ní inú kilogíráàmù 19 tó kù nìkan ni ooru yẹn ti wá, omi tó wà ní 30 ì bá bọ́ sí òdo. Kò sí àmù tó ń di yìnyín. Afẹ́fẹ́ àyíká náà ń san nínú rẹ̀, bí àmù bá sì ṣe ń tutù sí i ni èyí tí afẹ́fẹ́ ń san ń pọ̀ sí i, títí wọn yóò fi dọ́gba. Ẹ́ńtálípì sọ iye tó jáde fún wa, ṣùgbọ́n kò sọ ibi tó ti wá, kò sì sọ bó ṣe yá tó. Nítorí pé omi ń yára gbẹ nígbà ọyẹ́ ni omi àmù fi ń tutù nígbà náà ju ìgbà òjò lọ, bó tilẹ̀ jẹ́ pé 2,430 yẹn kò fi bẹ́ẹ̀ yí padà. Kí àwọn ọmọ wọn àmù náà lówùúrọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí wọ́n ti tẹ̀mọ́mítà bọ omi rẹ̀ nígbà méjèèjì, kí wọ́n wá ṣírò èyí tí omi san kí wọ́n sì yọ ọ́ kúrò nínú àpapọ̀. Èyí tó bá kù ni afẹ́fẹ́ san.