Bí Ọmọdé Bá Láṣọ Bí Àgbà: Osimhen àti Góòlù 37 Rashidi Yekini

Bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Nílé ìwòran bọ́ọ̀lù ní Ìkirè àti Àpòmù, bí ọ̀dọ́ kan bá ti dárúkọ Victor Osimhen mọ́ ti olóògbé Rashidi Yekini, àfàìmọ̀ kí àgbà kan tó wà níjokòó má fi òwe yìí pa á lẹ́nu mọ́. Ohun tó ń fa awuyewuye náà kò fara sin. Góòlù 37 ni Yekini gbá wọlé fún Nàìjíríà kó tó fẹ̀yìn tì lẹ́yìn Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ọdún 1998, kò sì tíì sí agbábọ́ọ̀lù ọkùnrin mìíràn tó gbá tó bẹ́ẹ̀ fún orílẹ̀-èdè yìí. Ní báyìí, ọmọ tí wọ́n bí ní oṣù Kejìlá ọdún 1998 yẹn kan náà ti sún mọ́ ọn pẹ́kípẹ́kí. Ṣé yóò kọjá rẹ̀? Èrò tèmi ni pé yóò kọjá rẹ̀, àti pé òwe tí wọ́n fi ń dá a dúró kò dá a dúró rárá. Ẹ tún òwe náà gbọ́: abala àkọ́kọ́ rẹ̀ ti gbà pé ọmọdé lè láṣọ bí àgbà, kò bá a jiyàn ìyẹn. Àkísà nìkan ló fi sílẹ̀ fún àgbà. Ẹni tó bá fẹ́ pa òwe yìí bó ṣe yẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ka aṣọ ná, kó tó wá béèrè pé kí là ń pè ní àkísà.

Ẹ jẹ́ ká ka aṣọ. Àwọn kan kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 58 ni Yekini fi gbá góòlù 37 náà, àwọn mìíràn sọ pé 62 ni. Èyí ó wù kó jẹ́, ó ju góòlù kan lọ nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì-méjì, iṣẹ́ ńlá sì ni. Oṣù Kẹfà ọdún 2017 ni Osimhen kọ́kọ́ wọ aṣọ Super Eagles, nígbà tí wọ́n kojú Togo ní Paris lábẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá Gernot Rohr. Ó lé ní ọdún méjì kó tó rí góòlù àkọ́kọ́ rẹ̀, ìyẹn pẹnáritì tó gbá wọlé àwọn ará Benin ní Uyo ní oṣù Kọkànlá ọdún 2019. Láti ìgbà náà ni kò ti sinmi mọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025, ní Uyo yìí kan náà, Benin yìí kan náà ló tún gbá mẹ́ta wọlé wọn, tí Rohr tó kọ́kọ́ mú un wọ ikọ̀ sì jókòó gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá wọn, tó ń wò ó. Góòlù rẹ̀ di 29. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, ní Rabat, Nàìjíríà àti Gabon wọ àfikún àkókò, ó gbá méjì wọlé, ó di 31. Nígbà tí ìdíje AFCON ti Morocco fi máa parí ní oṣù Kìíní ọdún 2026, ó ti fi ọ̀kan sínú àwọ̀n Tunisia, méjì sínú ti Mozambique, ọ̀kan sínú ti Algeria. Márùndínlógójì nìyẹn, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí kò tó 60. Méjì ló kù kó bá Yekini dọ́gba, mẹ́ta ló kù kó kọjá rẹ̀. Bó bá ń gbá a bó ṣe ń gbá a bọ̀, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún tàbí mẹ́fà tó o.

Ohun tó yẹ kó yà wá lẹ́nu ni bí 37 ṣe pẹ́ tó báyìí kí ẹnikẹ́ni tó súnmọ́ ọn. Góòlù 56 ni Samuel Eto'o gbá fún Cameroon, Didier Drogba gbá 65 fún Ivory Coast, Asamoah Gyan gbá 51 fún Gánà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìwọ̀nyí, tiwa kò ga jù. Síbẹ̀, Yakubu Aiyegbeni dúró sí 21, Ikechukwu Uche sí 19, Obafemi Martins sí 18, bẹ́ẹ̀ ẹ̀bùn ẹsẹ̀ wọn kò kéré rárá. Ṣẹ́gun Ọdẹ́gbàmí, tó fi ikọ̀ náà sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980 pẹ̀lú góòlù 23, ló ṣì wà nípò kejì títí Osimhen fi dé. Ohun tí mo rí nínú èyí ni pé a kì í jẹ́ kí iwájú pẹ́ lọ́wọ́ ẹnì kan. Bí akọ́nimọ̀ọ́gbá bá ti yí padà, iwájú náà yóò yí padà. Ẹni tó gbá góòlù lónìí lè máa jókòó wòran lọ́la. Yekini ni ẹni tí akọ́nimọ̀ọ́gbá Clemens Westerhof fọkàn tán fún ọ̀pọ̀ ọdún, tó kọ́ gbogbo eré ikọ̀ náà yí i ká, Finidi George lápá ọ̀tún, Emmanuel Amuneke lápá òsì, tí gbogbo bọ́ọ̀lù wọn ń wá a lọ sí àárín. Góòlù mẹ́jọ ló gbá láti gbé Nàìjíríà dé Amẹ́ríkà ní 1994. Osimhen ni ẹni àkọ́kọ́ láti ìgbà yẹn tí wọ́n tún fi iwájú náà sí lọ́wọ́ láìyọ ọ́ síwá sẹ́yìn.

Àwọn tó ń ta ko ó ní ẹsùn méjì tó lágbára, kò sì yẹ ká fi ọwọ́ rọ́ wọn sẹ́yìn. Àkọ́kọ́ ni pé orílẹ̀-èdè kéékèèké ni Osimhen fi kó góòlù jọ. Òótọ́ wà níbẹ̀. Ní oṣù Kẹfà ọdún 2022, Nàìjíríà na São Tomé àti Príncipe ní 10-0, mẹ́rin nínú rẹ̀ sì jẹ́ tirẹ̀. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2023, wọ́n tún nà wọ́n ní 6-0, ó gbá mẹ́ta. Góòlù méje láti ọwọ́ erékùṣù kan ṣoṣo nìyẹn, ìdá márùn-ún gbogbo ohun tó ní. Ṣùgbọ́n bí a bá máa yọ ti ọmọdé kúrò, ó di dandan ká yọ ti àgbà náà. Nígbà tí Nàìjíríà na South Africa ní 4-0 ní Èkó ní 1992, tí Yekini wà lára àwọn tó gbá a wọlé, ìgbà náà ni South Africa ṣẹ̀ṣẹ̀ ń padà sínú bọ́ọ̀lù àgbáyé lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún tí wọ́n ti lé wọn síta nítorí ìjọba ẹlẹ́yàmẹ̀yà. Kò sẹ́ni tó yọ ìyẹn kúrò nínú 37, kò sì yẹ kẹ́nikẹ́ni yọ ọ́. Ẹni tí wọ́n bá kó síwájú agbábọ́ọ̀lù ni yóò bá ta kàn-ń-gbọ̀n. Tunisia àti Algeria tí Osimhen gbá wọlé wọn ní Morocco kì í sì í ṣe ẹran ọ̀sìn ẹnikẹ́ni.

Ẹsùn kejì wúwo jù ú lọ: pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ òde òní ti pọ̀ ju ti àtijọ́ lọ. Mo gbà. Orílẹ̀-èdè mẹ́jọ péré ló ń kópa nínú AFCON títí di 1990, wọ́n di 12 ní 1992 àti 1994. Láti 2019 ni wọ́n ti di 24. Ìlẹ̀kùn tó ṣí sílẹ̀ fún Osimhen kò ṣí fún Yekini. Ju bẹ́ẹ̀ lọ, ìjọba tiwa fúnra rẹ̀ jí ọdún kó lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn. Nàìjíríà ló gba AFCON 1994 ní Tunisia, Yekini ló sì gbá góòlù jù níbẹ̀, márùn-ún. Nígbà tó di 1996, tí South Africa gbàlejò ìdíje náà, Sani Abacha kò jẹ́ kí ikọ̀ wa lọ nítorí ìjà tó wà láàárín òun àti Nelson Mandela lẹ́yìn tí ìjọba Abacha yẹgi fún ajàfẹ́tọ̀ọ́ Ken Saro-Wiwa. Nítorí ìyẹn, wọ́n tún yọ wá kúrò nínú ti 1998. Ìdíje méjì gbáko ni Yekini pàdánù báyìí, láìṣẹ̀ láìrò. Bí ẹnì kan bá wá sọ pé 37 kì bá ti dúró sí 37, èmi kò ní bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹsùn yìí fi hàn ni pé wọ́n fi ìyà jẹ Yekini. Kò fi hàn pé Osimhen kò tọ́ sí ohun tó fẹsẹ̀ rẹ̀ gbá. Òun náà pàdánù AFCON tí Cameroon gbàlejò ní ìbẹ̀rẹ̀ 2022, lẹ́yìn tí òun àti Milan Skriniar, agbábọ́ọ̀lù Inter, forí gbárí ní oṣù Kọkànlá ọdún 2021, tí egungun ojú rẹ̀ sì fọ́. Ìbòjú tí ẹ ń rí lójú rẹ̀ dòní, ìgbà náà ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ọjọ́ orí ló wá parí iyàn náà fún mi. Kaduna ni wọ́n ti bí Yekini ní oṣù Kẹwàá ọdún 1963. Nígbà tó wà lẹ́ni ọdún 27, ọjọ́ orí tí Osimhen wà yìí, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò ní Africa Sports ti Abidjan lọ sí Vitória Setúbal ní Portugal ni. Ó gbá góòlù jù ní AFCON 1992, ó di agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ ní Áfíríkà ní 1993, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó gba àmì-ẹ̀yẹ náà, ó sì gbá 21 wọlé ní líìgì Portugal ní sáà 1993 sí 1994. Gbogbo èyí ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ọdún 27. Bí ẹsẹ̀ agbábọ́ọ̀lù iwájú bá ń gbó kó tó dùn, a jẹ́ pé góòlù tí Osimhen yóò gbá kò tíì tán.

Kí wá ni àkísà? Aṣọ tó gbó mọ́ni lára ni: ohun tí ènìyàn ti là kọjá. Nínú èyí náà, àwọn tó ń wo Osimhen bí ọmọ olówó ilẹ̀ òkèèrè ṣìnà. Ẹ̀gbẹ́ ààtàn Olúsosùn ní Èkó ló dàgbà sí, ìyá rẹ̀ kú nígbà tó wà ní kékeré, ó sì ta píọ̀ wọ́tà láàárín ọkọ̀ nínú sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Ọmọ yìí ní àkísà. Èyí tí kò ní ni irú èyí tí Yekini ní ní ọjọ́ 21 oṣù Kẹfà ọdún 1994 ní Dallas, nígbà tí a kojú Bulgaria. Finidi gba apá ọ̀tún wọlé, ó gbá bọ́ọ̀lù náà gba ilẹ̀ kọjá iwájú ilé, Yekini sì fẹsẹ̀ tì í sínú. Ó sáré tẹ̀ lé bọ́ọ̀lù náà wọnú ilé, ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ ojú àwọ̀n, ó dì í mú, ó ń mì ín, ẹkún sì gbọ̀nà ojú rẹ̀. Góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà gbá nínú Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé nìyẹn. Bí ẹnì kan bá gbá 100, kò lè gbá àkọ́kọ́ mọ́.

Ọ̀rọ̀ kan kan àwọn ará Ìkirè àti Àpòmù gan-an nínú ìtàn yìí. Kí wọ́n tó dá Ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun sílẹ̀ ní oṣù Kẹjọ ọdún 1991, Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni ìlú méjèèjì wà, Shooting Stars ti Ìbàdàn sì ni ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù ìjọba wọn. Ọdẹ́gbàmí, tó gbá méjì nínú góòlù mẹ́ta tí a fi na Algeria gba AFCON 1980, Shooting Stars ló ń gbá bọ́ọ̀lù fún. Yekini náà kúrò ní UNTL Kaduna wá síbẹ̀ ní 1982, ó sì bá wọn dé àṣekágbá ife ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Áfíríkà ní 1984, níbi tí Zamalek ti Egypt ti borí wọn. Ẹni àkọ́kọ́ àti ẹni tó jẹ́ ẹni kejì nínú góòlù gbígbá fún Nàìjíríà kí Osimhen tó dé, ilé kan náà ni wọ́n ti jáde, ilé náà sì jẹ́ tiyín. Osimhen kò gbá bọ́ọ̀lù líìgì Nàìjíríà rí: ó gbá mẹ́wàá ní ife àgbáyé àwọn ọ̀dọ́ tí kò ju ọdún 17 lọ ní Chile ní 2015, ó sì gba Wolfsburg ní Jámánì lọ ní 2017. Ẹ̀bi rẹ̀ kọ́. Ṣùgbọ́n ọmọ tó ń gbá bọ́ọ̀lù ní pápá ilé ìwé ní Àpòmù lónìí ń wo ọ̀nà kan ṣoṣo tó gba òkè òkun lọ, nígbà tó jẹ́ pé lójú ayé bàbá rẹ̀, Ìbàdàn tó o. Àwọn tó ń ṣèjọba ìbílẹ̀ Ìréwọlé àti Ìsọ̀kan, ẹ tọ́jú pápá yín, kí líìgì ìpínlẹ̀ lè ní ibi tí yóò ti bẹ̀rẹ̀.

Ìdájọ́ mi ni pé 37 yóò ṣubú, ẹni tí yóò bì í ṣubú sì tọ́ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ bọ̀wọ̀ fún Yekini, tó kú ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 4 oṣù Karùn-ún ọdún 2012, tí wọ́n sì sin ín sí Ìrá ní Kwara, ẹ má fi nọ́ńbà gbé e ga mọ́. Ibi tó ga sí kò sí nínú nọ́ńbà. Èyí tí mo ń bẹ̀rù fún Osimhen ni Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé. Wọn kò mú un lọ ní 2018. Gánà ló dí ọ̀nà 2022. Congo Kinshasa fi pẹnáritì lé wa kúrò nínú ti 2026, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2025, nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tí ìpalára mú òun jáde ní ìdajì. Bẹ́ẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, àwọn agbábọ́ọ̀lù wa kọ̀ láti ṣe ìdánrawò ní Morocco nítorí owó àjẹmọ́nú tí wọ́n jẹ wọ́n. Àwọn tó ń darí bọ́ọ̀lù wa, ẹ san owó àwọn ọmọ yìí lásìkò. Morocco, Spain àti Portugal ni yóò gbàlejò ti 2030. Ẹni ọdún 31 ni Osimhen yóò jẹ́ nígbà náà. Yekini jẹ́ ẹni 30 ní Dallas.