Iná Tó Tàn Ní Ìdájí

Aago 5:40 ìdájí, Ìbàdàn. Òjò òru ti dá, àmọ́ ilẹ̀ gáréèjì ṣì tutù. Awakọ̀ yí kọ́kọ́rọ́ bọ́ọ̀sì oní-dísẹ́ẹ̀lì náà dé àárín. Gbogbo iná ojú dáṣíbọ́ọ̀dù tàn. Ó dúró kí èyí tó rí bíi wáyà lílọ́ kọ́kọ́ kú ná, kó tó sítáàtì. Ẹ́ńjìnnì gbà. Àwọn iná yòókù kú, ó ku ẹyọ kan. Àwọ̀ ìyeyè ni, ó kéré, àwòrán ara rẹ̀ dà bí ife tí nǹkan ń kán sísàlẹ̀ rẹ̀. Awakọ̀ fi ìka kan gíláàsì náà lẹ́ẹ̀mejì. Iná ò kú. Ẹ́ńjìnnì ń dún geere.

6:15. Bọ́ọ̀sì kún. Èrò mẹ́rìnlá. Ìyá oníṣòwò kan ń wá ibi tí yóò gbé ẹrù rẹ̀ sí lábẹ́ àga ẹ̀yìn. Kẹ́ẹ̀gì lítà 25 kan wà níbẹ̀, òfìfo ni. Ó tì í sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi bébà nu dísẹ́ẹ̀lì kúrò lọ́wọ́.

6:50. Wọ́n ti kọjá Tollgate. Jíà karùn-ún, eré 90. Iná kékeré náà ṣì wà.

7:08. Ọ̀nà gun òkè díẹ̀. Awakọ̀ tẹná, mọ́tò kò dáhùn. Ó tẹ̀ ẹ́ kanlẹ̀. Abẹ́rẹ́ já láti 90 sí 70, láti 70 sí 55. Iná kejì tàn, àwòrán ẹ́ńjìnnì. Kò sí èéfín. Kò sí ariwo. Agbára ni kò sí.

7:11. Ó yà sí etí títì, ó pa ẹ́ńjìnnì, ó sinmi díẹ̀, ó tún un sítáàtì. Agbára padà. Wọ́n ń lọ.

7:41. Ògèrè. Tírélà tò lọ súà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà. Ẹ́ńjìnnì ti ń gbọ̀n báyìí, díẹ̀díẹ̀, ẹsẹ̀ awakọ̀ ló ń mọ̀ ọ́n.

"Dẹ́rẹ́bà, ṣé kò sí?" Ìyá oníṣòwò ló béèrè.

"Kò sí, Màmá."

7:56. Kò pẹ́ mọ́ tí wọn yóò dé oríta Ṣàgámù. Tírélà kan ń wọ́ lọ níwájú. Awakọ̀ bọ́ sápá òsì láti yà á sílẹ̀. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdajì ara tírélà ni agbára tún lọ. Táńkà kan ń bọ̀ lẹ́yìn, ó tan gbogbo iná rẹ̀, fèrè rẹ̀ ò dákẹ́. Bọ́ọ̀sì ò lè síwájú. Kò sì sáyè láti wọlé. Awakọ̀ gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí iná, ó jẹ́ kí tírélà fi òun sílẹ̀, ó wá já ọwọ́ ọkọ̀ sápá ọ̀tún. Táńkà kọjá. Atẹ́gùn rẹ̀ mi gbogbo fèrèsé. Bọ́ọ̀sì rọra wọ́ dé etí títì, ẹ́ńjìnnì sì kú fúnra rẹ̀. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀.

8:05. Wọ́n gbé C-caution sẹ́yìn ọkọ̀. Àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀, wọ́n jìnnà sí títì. Kí aago mẹ́sàn-án tó lù, ọkọ̀ mìíràn ti kó gbogbo wọn.

9:20. Mẹkáníìkì àgbà kan dé, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣe wáyà mọ́tò tẹ̀ lé e. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ki sikánà bọ abẹ́ ọwọ́ ọkọ̀. P0087 ló gbé jáde: dísẹ́ẹ̀lì kò ní agbára tó yẹ nínú páìpù tó ń pín in fún àwọn nọ́súlù.

"Ọ̀gá, pọ́ǹpù ti lọ nìyẹn."

Àgbà náà kò dá a lóhùn. Ó kọjú sí awakọ̀. "Iná wo ló kọ́kọ́ tàn?"

Awakọ̀ nàka sí i.

"Láti ìgbà wo?"

"Láti ìdájí, Bàbá."

9:35. Àgbà náà wá fílítà dísẹ́ẹ̀lì kàn. Ó gbé ike omi òfìfo sábẹ́ rẹ̀, ó fọwọ́ tú ìdérí kékeré tó wà nísàlẹ̀. Ohun tó jáde dúdú díẹ̀. Nígbà tí ike kún dé ìdajì, ó gbé e sójú oòrùn. Wọ́n dúró.

9:42. Ìlà kan yọ nínú ike. Òkè rẹ̀ pọ́n, ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ gaara. Ó gbé ike náà dà sọ́tùn-ún, dà sósì. Èyí tó mọ́ kò kúrò nísàlẹ̀.

Omi ni.

11:50. Wọ́n ti gbọ́n táǹkì gbẹ, wọ́n ti pààrọ̀ fílítà, wọ́n ti fún afẹ́fẹ́ jáde, wọ́n ti da dísẹ́ẹ̀lì tuntun sí i. Ẹ́ńjìnnì gbà. Iná kékeré náà kú fúnra rẹ̀.

Alẹ́ àná ni awakọ̀ ra dísẹ́ẹ̀lì inú kẹ́ẹ̀gì lítà 25 náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, lọ́wọ́ ẹni tó ń tọ́jú ọjà rẹ̀ síta nínú òjò. Omi wúwo ju dísẹ́ẹ̀lì lọ, ìdí nìyẹn tó fi lọ jókòó sí ìsàlẹ̀ fílítà, níbi tí ohun tó ń tan iná kékeré yẹn wà. Nígbà tí omi pọ̀ débi tó fi kọjá fílítà, agbára páìpù já, kọ̀ǹpútà ọkọ̀ sì dín agbára ẹ́ńjìnnì kù kó má baà bàjẹ́. Pípa tí awakọ̀ pa á, tó tún un sítáàtì, kò wo nǹkan kan sàn. Dísẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ni òróró tí pọ́ǹpù fi ń yí, agbára tí pọ́ǹpù sì fi ń tì í lè ju 1,000 bar lọ, nígbà tí ti táyà mọ́tò kékeré jẹ́ bíi 2 bar. Omi kò lè ṣe iṣẹ́ òróró níbẹ̀. Ká ní wọ́n ra pọ́ǹpù tuntun láì gbọ́n táǹkì, omi kan náà ni yóò ba tuntun náà jẹ́.

Ohun tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì ni sikánà sọ. Ohun tó fà á, iná ti sọ ọ́ ní aago 5:40. Gáréèjì ló yẹ kí bọ́ọ̀sì náà ti dúró, kí èrò kankan tó wọ inú rẹ̀.