Ìdáṣe Ẹ̀dá àti Ìgbékalẹ̀ Àwùjọ: Àtúnyẹ̀wò Ìṣubú Ìyálóde Ẹfúnṣetán Aníwúrà ní 1874

Bí olùkọ́ bá béèrè lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́ pé kí ni ó pa Ẹfúnṣetán Aníwúrà, ìdáhùn tí yóò kọ́kọ́ gbọ́ ni pé ìwà ìkà rẹ̀ ni. Ìdáhùn yìí kò ṣẹ̀yìn eré onítàn tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá gbé jáde ní 1970, èyí tí ó ti di ìmọ̀ọ́mọ̀ fún tọmọdé tàgbà. A kò bá òǹkọ̀wé eré jà nítorí pé ó tún ìtàn gbẹ́. Ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Nínú eré náà, májèlé ni Ìyálóde fi ọwọ́ ara rẹ̀ mu lẹ́yìn tí ìlú ti mú un. Nínú ìtàn, àwọn ẹrú rẹ̀ ni wọ́n wọlé pa á lóru, ní ìparí oṣù Okúdù, 1874, lẹ́yìn tí a ti gba oyè lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ikú méjèèjì yìí kì í ṣe kékeré. Èkíní sọ ọ̀rọ̀ náà di ọ̀rọ̀ ìwà ẹnì kan tí ó gba èrè iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀. Èkejì fi agbára mú wa láti béèrè pé ta ni ó rán àwọn ẹrú náà, èé sì ti ṣe tí irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fi ṣeé rán ní Ìbàdàn ìgbà náà.

Ìbéèrè yìí gan-an ni ó ti ń da àwọn onímọ̀ ìbágbépọ̀ ẹ̀dá láàmú tipẹ́. Ní 1895, Émile Durkheim tẹnu mọ́ ọn pé àwùjọ ti wà kí ẹnikẹ́ni tó bá a, àti pé àṣà, òfin àti oyè rẹ̀ ń fi ipá darí ènìyàn láti ìta wá. Max Weber ní tirẹ̀ gbà pé ìṣe tí ẹnìkọ̀ọ̀kan fi ìtumọ̀ sí ni ó yẹ kí a fi bẹ̀rẹ̀ ìwádìí. Anthony Giddens wá gbìyànjú ní 1984 láti so méjèèjì pọ̀: ìgbékalẹ̀ àwùjọ ni ohun èlò tí ẹ̀dá fi ń ṣe nǹkan, ìṣe ẹ̀dá yìí kan náà ni ó sì ń tún ìgbékalẹ̀ náà ṣe lójoojúmọ́. Ní ilé tiwa níhìn-ín, Akínṣọlá Akìwọwọ ti Ilé-Ifẹ̀ ti fa irú èrò bẹ́ẹ̀ yọ láti inú àyájọ́, nínú iṣẹ́ rẹ̀ tí ó jáde ní 1986 lórí àsùwàdà: ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni a dá ẹ̀dá, ṣùgbọ́n nínú ìsùjọ ni ìwà rẹ̀ ti ń gún. Àwọn kan ta kò ó lórí bí ó ṣe túmọ̀ àyájọ́ náà, síbẹ̀ a gbà pé ó ṣí ilẹ̀kùn kan tí ó yẹ kí a gbà wọlé. Ní ti àwọn tí ó máa ń ní 'orí rẹ̀ ni', ìdáhùn wọn kò burú ní ìdí ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n ibi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ náà ni ìwádìí ìtàn parí sí.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìgbékalẹ̀ Ìbàdàn náà fúnra rẹ̀. Ibùdó ogun ni ìlú náà jẹ́ nígbà tí àwọn jagunjagun Ọ̀yọ́, Ifẹ̀, Ìjẹ̀bú àti Ẹ̀gbá tẹ̀ ẹ́ dó ní nǹkan bí 1829. Kò ní ọba aládé, kò sí ìdílé kan tí ó lè sọ pé tòun ni oyè ìlú. Ẹni tí ó bá mọ ogun jà, tí ó kó ọmọ-ẹ̀yìn jọ, tí ó sì lè bọ́ wọn, ni ó ń gun àkàbà oyè láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ohun tí ó ń gbé àkàbà yìí ró ni a kì í sábà kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ogun ni ó ń mú ẹrú wá. Ẹrú ni ó ń ṣiṣẹ́ lóko. Oko ni ó ń bọ́ ọmọ ogun. Èrè oko àti ti òwò ni a sì fi ń ra ìbọn àti ẹ̀tù láti etíkun, láti lè tún lọ sógun. Ọwọ́ Ẹ̀gbá àti Ìjẹ̀bú ni ọ̀nà etíkun wà. Nítorí náà ẹni tí ó bá lè kó ẹ̀tù wọ Ìbàdàn, yálà ọkùnrin ni tàbí obìnrin, ti di òpó kan nínú ilé ogun náà. Olóyè tí kò ní ẹ̀tù, ọmọ-ẹ̀yìn rẹ̀ yóò fi í sílẹ̀ lọ bá ẹlòmíràn, nítorí kò sí ohun tí ó so wọ́n mọ́ ọn ju ìkógun lọ.

Inú irú ayé yìí ni Ẹfúnṣetán, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ Ẹ̀gbá, ti gòkè. Òwò ni ó fi gòkè. Johnson, nínú ìwé ìtàn rẹ̀ tí a tẹ̀ ní 1921, sọ pé ẹrú rẹ̀ tí ó wà lóko nìkan kò dín ní 2,000, ká má ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ka tilé. Ó ní balógun tirẹ̀ àti àwọn ọmọ ogun tirẹ̀. Ó ń ta ohun ìjà láwìn fún àwọn jagunjagun. Ẹnikẹ́ni kò lè sọ pé obìnrin yìí kàn jókòó kí àwùjọ máa darí òun. Ṣùgbọ́n bí Ìbàdàn bá jẹ́ ìlú tí a ti ń jogún oyè, òwò rẹ̀ ì bá sọ ọ́ di olówó lásán, kò ní sọ ọ́ di Ìyálóde tí ń bá àwọn ológun jókòó nínú ìgbìmọ̀ ìlú.

Ibi tí ìdáṣe rẹ̀ ti hàn jù ni ibi tí ó ti kọ̀. Bí Bọ́láńlé Awẹ́ ṣe fi hàn nínú iṣẹ́ tí ó ṣe lórí rẹ̀, gbèsè àwọn jagunjagun ń pọ̀ sí i, wọn kò san án, Ìyálóde sì dáwọ́ àwìn dúró. Lójú oníṣòwò, kò sí ohun tí ó tọ́ ju èyí lọ. Lójú Àrẹ Látòósà, tí ó ti di olórí Ìbàdàn láti 1871, ọ̀tẹ̀ ni. Nígbà tí Àrẹ ti ogun dé ní ìbẹ̀rẹ̀ 1874, ẹ̀sùn mẹ́ta ni ó kà sí Ìyálóde lẹ́sẹ̀: kò bá òun lọ sógun, kò fi nǹkan ránṣẹ́ sí òun lójú ogun, kò sì wá pàdé òun lẹ́yìn odi láti kí òun kú àbọ̀. Ẹ jẹ́ kí a ṣe àkíyèsí pé kò sí ọ̀rọ̀ ìkà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Kò sí ẹni tí ó fi ẹ̀jẹ̀ ẹrú kankan kàn án. Ọjọ́ kìíní oṣù Èbìbí ni a rọ̀ ọ́ lóyè, a sì fi igbákejì rẹ̀ jẹ Ìyálóde. Ó san ìtanràn, ó bẹ̀bẹ̀, ẹ̀bẹ̀ náà kò wọ̀. Lẹ́yìn oṣù méjì, ìbátan rẹ̀ kan tí ó fi ṣe ọmọ ni wọ́n lò láti bá àwọn ẹrú tí ó pa á sọ̀rọ̀.

Àwọn kan yóò sọ pé nítorí pé ó jẹ́ obìnrin ni. Òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, nítorí Ìyálóde kì í fúnra rẹ̀ ṣíwájú ogun, ojú ogun ni a sì ti ń fi agbára hàn ní Ìbàdàn. Ṣùgbọ́n kí ni a ó wá sọ nípa Ayéjẹ̀ńkú tí ó jẹ́ Fọ̀hókò, àti Séríkí Ìyápọ̀? Ọkùnrin ni àwọn méjèèjì, ológun sì ni wọ́n. Ní nǹkan bí 1877, Àrẹ kan náà tì wọ́n dé ojú ibi tí olúkúlùkù wọn fi para rẹ̀. Ìlú tí kò ní ọba, tí ẹnikẹ́ni lè gòkè nínú rẹ̀, ni ìlú tí ẹni tí ó wà lókè kò lè fi ọkàn balẹ̀ sí ẹni tí ń bọ̀ lẹ́yìn. Àkàbà tí ó gbé Látòósà dókè kò ní ìlẹ̀kùn tí a lè tì. Èyí kò túmọ̀ sí pé ọwọ́ Àrẹ mọ́. Àwọn olórí Ìbàdàn tí ó ṣáájú rẹ̀ náà bá irú àkàbà yìí, síbẹ̀ kò sí èyí tí ó lò ó tó bẹ́ẹ̀ láti pa àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ run léraléra.

Ní ti ìkà Ẹfúnṣetán, a kò ní í fọ̀ ọ́ mọ́. Ìtàn sọ pé lẹ́yìn ikú ọmọbìnrin rẹ̀ kan ṣoṣo, tí ó kú sórí ìkúnlẹ̀ ní 1860, ó le mọ́ àwọn ẹrú rẹ̀, pàápàá àwọn aláboyún. Òfò ọmọ kì í ṣe tirẹ̀ nìkan ní ìlú yẹn, ohun tí ó sì fi òfò náà ṣe, òun ni ó yàn án. Ṣùgbọ́n bí kì í bá ṣe pé àwùjọ ti fi ẹ̀mí ẹrú sí ọwọ́ olówó rẹ̀, ìbànújẹ́ ìyá kan kò ní di ikú ẹlòmíràn. Àwọn olóyè tí wọ́n dá a lẹ́bi ní irú agbára kan náà lórí ẹrú tiwọn, wọn kò sì fi í sílẹ̀.

Èyí gbé wa dé ọ̀dọ̀ àwọn ẹrú méjì tí ó wọlé lóru náà. Àwọn náà pinnu. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní ìdí tiwọn láti kórìíra ìyá náà, ó sì ṣeé ṣe kí a ti ṣe ìlérí fún wọn. Nígbà tí àwọn ará Ẹ̀gbá béèrè ikú ọmọ wọn, tí ìwádìí sì bẹ̀rẹ̀ nínú oṣù Agẹmọ, àwọn méjèèjì ni a pa ní gbangba. Àrẹ Látòósà wà lórí oyè títí ó fi kú ní bùdó ogun Kírìjì ní 1885.