Ọjọ́ Mọ́kànlélógójì: Ẹjọ́ Ọ̀gágun Ọládípọ̀ Díyà

Nínú fíìmù ilé-ẹjọ́, lọ́yà á dìde nígbà tí ọ̀rọ̀ bá ti fẹ́ bàjẹ́ tán, á mú ẹlẹ́rìí tí ẹnikẹ́ni kò retí jáde, adájọ́ á sì tú ẹni tí wọ́n fẹ́ pa sílẹ̀. Ẹjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí kò rí bẹ́ẹ̀. Ikú ẹlòmíràn ni ó gba ẹlẹ́jọ́ sílẹ̀, kì í ṣe òfin.

Ọmọ Odògbolú ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú wa níbí ni Ọ̀gágun Ọládípọ̀ Díyà. Nígbà tí Ọ̀gágun Sani Abacha gba ìjọba ní oṣù kọkànlá 1993, Díyà ni ó di igbákejì rẹ̀. Ní ọjọ́ 13 oṣù Kejìlá 1997, bọ́ǹbù bú gbàmù ní pápákọ̀ òfurufú Àbújá níbi tí Díyà ti fẹ́ wọ bàálù. Orí yọ ọ́. Ọjọ́ mẹ́jọ lẹ́yìn náà ni wọ́n mú un, wọ́n ní ó ń dìtẹ̀ láti gbàjọba.

Ìlú Jos ni wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ náà ní 1998. Ọ̀gágun Victor Malu ni alága ìgbìmọ̀ ológun tí ó jókòó lé e. Díyà sọ ọ́ ní gbangba níbẹ̀ pé pàkúté ni wọ́n dẹ fún òun, láti òkè ni ó sì ti wá. Ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹrin, wọ́n dájọ́ ikú fún ènìyàn mẹ́fà. Díyà wà nínú wọn, Ọ̀gágun Abdulkarim Adisa àti Ọ̀gágun Tajudeen Olanrewaju náà wà nínú wọn.

Ibi tí ó dùn mí jù nìyí: kò sí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn. Ìgbìmọ̀ tí ń ṣàkóso orílẹ̀-èdè ni yóò fọwọ́ sí ìdájọ́ náà, Abacha fúnra rẹ̀ sì ni olórí ìgbìmọ̀ yẹn. Ẹni tí wọ́n ní wọ́n dìtẹ̀ mọ́ ni yóò tún sọ bóyá kí wọ́n pa wọ́n. Bàbá mi àgbà, tí wọ́n ń ṣe oko kòkó ní Ìjẹ̀bú-Igbó, sọ fún mi pé ní gbogbo ọjọ́ wọ̀nyẹn, rédíò kì í jìnnà sí etí àwọn, nítorí kò sí ẹni tí ó mọ òwúrọ̀ tí wọn yóò kéde pé wọ́n ti yìnbọn pa wọ́n.

Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹfà 1998, Abacha kú lójijì. Mo ka ọjọ́ tí ó wà láàárín ìdájọ́ náà àti ikú rẹ̀: mọ́kànlélógójì péré. Ọ̀gágun Abdulsalami Abubakar tí ó gorí àlééfà yí ikú padà sí ẹ̀wọ̀n ní oṣù Keje, wọ́n sì tú wọn sílẹ̀ ní oṣù Kẹta 1999. Díyà wà láyé títí di oṣù Kẹta 2023.

Nígbà tí a sọ̀rọ̀ yìí ní kíláàsì, ọ̀pọ̀ nínú wa ní wọ́n fìyà jẹ ọmọ wa. Òótọ́ ni. Àmọ́ ìtàn kò bẹ̀rẹ̀ ní Jos. Ní ọjọ́ 10 oṣù kọkànlá 1995, wọ́n yẹgi fún Ken Saro-Wiwa àti àwọn ọmọ Ògóni mẹ́jọ mìíràn ní Port Harcourt. Gani Fawehinmi àti àwọn lọ́yà mìíràn ti kúrò nínú ẹjọ́ náà, nítorí wọ́n rí i pé kò sí òdodo níbẹ̀. Àwọn náà kò rí ilé-ẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn lọ. Ìgbìmọ̀ Abacha ni ó fọwọ́ sí ikú wọn, Díyà sì ni igbákejì Abacha nígbà náà.

Ẹ tún jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀ sí i. Díyà ni gómìnà ológun Ìpínlẹ̀ Ògùn láti oṣù kìíní 1984 títí di oṣù kẹjọ 1985, lábẹ́ Ọ̀gágun Muhammadu Buhari. Bísí Ọ̀nàbánjọ, ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n gba ipò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Irú ìgbìmọ̀ kan náà ni ó rán Ọ̀nàbánjọ lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 22. (Orúkọ rẹ̀ ni ó wà lára Yunifásítì tí ó wà ní Àgọ́-Ìwòyè, tí a ń kọjá níwájú rẹ̀ láìronú.)

Àwọn kan ní n kò fẹ́ràn ará ilé mi. N kò gbà. N kò sọ pé ó tọ́ kí wọ́n pa Díyà. Ohun tí mò ń sọ ni pé kò tọ́ kí wọ́n fi irú ilé-ẹjọ́ bẹ́ẹ̀ pa ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ọ̀gágun tàbí ẹni tí ó gbé oògùn olóró. Mo dárúkọ oògùn olóró nítorí Òfin Ológun Nọ́ńbà 20 ti 1984. Bartholomew Owoh, ẹni ọdún 26, Bernard Ogedengbe, ẹni ọdún 29, àti Lawal Ojuolape, ẹni ọdún 30, ṣẹ̀ nígbà tí ẹ̀wọ̀n ni ìjìyà ẹ̀ṣẹ̀ wọn. Lẹ́yìn náà ni ìjọba ṣe òfin ikú, tí wọ́n sì fà á sẹ́yìn kí ó lè dé ọ̀dọ̀ wọn. Wọ́n yìnbọn pa wọ́n ní Kirikiri ní ọjọ́ 10 oṣù Kẹrin 1985.

Ní 1986, ìjọba tuntun yọ ikú kúrò nínú òfin náà, ó fi ẹ̀wọ̀n rọ́pò rẹ̀. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti kú ní ọdún tí ó ṣáájú.