Òkè Odò Ni A Ń Wò

Bí ará Adìgbẹ ní Abẹ́òkúta bá fẹ́ mọ bí Odò Ògùn yóò ti rí lọ́la, kì í ṣe ìhà Ìṣẹ́rì ni yóò kọjú sí. Ìsàlẹ̀ kò lè sọ ohun tí òkè kò tíì rán wá. Ọ̀rọ̀ yìí kò pamọ́ fún apẹja. Ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí àwọn onímọ̀ ìṣirò tó sọ ọ́ di òfin.

Ní ọdún 1928, Courant, Friedrichs àti Lewy fi hàn ní Jámánì pé, bí a bá pín odò sí ìpín-ìpín, tí a sì jẹ́ kí omi ré kọjá ju ìpín kan lọ kí a tó tún ṣírò, ìṣirò náà yóò dàrú. Ní 1933 a lé Courant kúrò ní ipò rẹ̀. Ó sì di ará New York. Níbẹ̀ ni òun, Isaacson àti Mina Rees ti gbé ọ̀nà òkè odò jáde ní 1952.

Ẹ kíyèsí i, ẹ̀yin ọmọ ilé-ìwé. Bí aró inú ìpín wa bá jẹ́ 2, tí ti òkè rẹ̀ jẹ́ 6, tí omi sì ń rin ìdajì ìpín, àwa yóò fi ìdajì 4 kún 2: ó di 4. Ẹni tí ó bá wo òkè àti ìsàlẹ̀ bákan náà lè rò pé òun ṣe ẹ̀tọ́. Ṣùgbọ́n ìgbì èké ni yóò rí, àní aró tí ó dín sí òfo.

Síbẹ̀ ọ̀nà yìí ní àléébù. A máa ba etí ohun tí ó mú jẹ́, bí aró tí ó yọ́ wọ abẹ́ ẹ̀kọ lára àdìrẹ. Ní 1959 Godunov, ará Rọ́ṣíà, fi ẹ̀rí hàn pé kò sí òfin aláìyípadà tí yóò yẹra fún ìgbì èké tí yóò sì péye ju bẹ́ẹ̀ lọ. Nítorí náà ni van Leer àti àwọn mìíràn, lẹ́yìn 1970, fi ṣe òfin tí ń yí padà gẹ́gẹ́ bí ibi tí ó bá dé.

Láti 1983 ni a ti sé odò Ọyán. Omi tí a bá tú níbẹ̀ a máa bá Ògùn lọ sí Ìṣẹ́rì àti ọ̀sà Èkó. Ẹni tí yóò kìlọ̀ fún àwọn tí ó wà nísàlẹ̀ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ wo òkè, kí omi tó kan ilẹ̀kùn wọn.